Orúkọ Tó Pẹ́ Ju Ilé Lọ: Ìtàn Àwọn Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Ta Mọ́tò Rí

Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀-Kraké kọjá ààlà, tó sì wọ ọkọ̀ akérò lọ sí Èkó, yóò mọ bí àwọn kọ̀ǹdọ́tọ̀ ṣe máa ń ké orúkọ ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ọ̀jọ́ lójú títì Badagry, a óò gbọ́ pé, “Volks! Ta ló ń bọ́ sílẹ̀ ní Volks?” Bí ọkọ̀ mìíràn bá gbé èrò dé etí ọ̀sà ní Erékùṣù Èkó, wọn a ké pé, “Leventis!” Ẹni tó ń lọ ra ẹ̀wù àti bàtà tí yóò tún tà a sì sọ pé Mandilas ni òun ń lọ. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni èrò wà, yóò gbọ́ J. Allen ní agbègbè Òkè-Bọ́lá àti Dùgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pe orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́ rò pé orúkọ àdúgbò lásán ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni gbogbo wọn, mọ́tò ló sì so wọ́n pọ̀: ilé-iṣẹ́ tó ń to mọ́tò, èyí tó ń tà á, tàbí èyí tó ń tún un ṣe.

Irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ tọpa ìtàn wọn lọ́tẹ̀ yìí: ilé tí àwọn oníṣòwò kọ́ láti máa ta mọ́tò, tí mọ́tò ti kúrò nínú rẹ̀, tí ògiri ṣì dúró, tàbí tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló kù. Àwọn kan lè bi wá pé kí ló kan òkè Kétu nínú ilé tí àwọn ará Gíríìsì kọ́ sí Èkó. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà tí mọ́tò gbà dé ọ̀dọ̀ wa àti èyí tó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Epo pupa àti èkùrọ́ ló pè é wá. Ilé àwọn oníṣòwò òyìnbó àtijọ́ tó ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìlú wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé òkè, kì í ṣe ẹ̀rí fún òwò nìkan. Ẹ̀rí ni wọ́n fún òógùn àwọn baba wa pẹ̀lú, a ó sì rí ìdí rẹ̀ bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ Kétu ni ó kẹ́yìn ẹni tó yẹ kó fojú kékeré wo orúkọ. Àwọn àgbà sọ fún wa pé inú ìbéèrè ni orúkọ ìlú wa ti jáde: ta ni yóò tú iké, ta ni yóò fọ́ ìlú? Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú dó ní 1894. Ilé wó, orúkọ kò wó. Ẹni tó bá ti inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde kò ní í ṣàì lóye pé orúkọ ibùdókọ̀ lè jẹ́ àpótí tí wọ́n fi ìtàn pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí náà díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Mandilas àti Karaberis, tí àwọn oníṣòwò ará Gíríìsì dá sílẹ̀, ló ń kó Volkswagen wọ Nàìjíríà. Mọ́tò kékeré náà ní ẹ̀yìn rìbìtì bí igbá, àwọn Yorùbá kò sì fi falẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Ìjàpá. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ló mú un tà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára. Kò nílò omi bí àwọn yòókù. Ní ilẹ̀ olóoru, níbi tí ojú ọ̀nà ti jẹ́ erùpẹ̀, tí ibi àtúnṣe sì jìnnà síra, ẹni tó ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú kan. Ilé Mandilas wà ní Broad Street, ní àárín gbùngbùn Èkó. Ilé-iṣẹ́ náà kò tíì kú, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará ọjà, Mandilas kì í ṣe mọ́tò mọ́. Aṣọ ni, bàtà ni, ariwo ọjà ni.

Leventis ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọ erékùṣù Kípírọ́sì ni Anastasios George Leventis, tí wọ́n bí ní 1902, tí ó sì kú ní 1978. Ní 1937 ló dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, kí òwò náà tó tàn dé Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ta oríṣiríṣi ọjà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń ta Mercedes-Benz ló sọ orúkọ rẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká lẹ́nu àwọn onímọ́tò. Ilé gíga rẹ̀ ní Marina ni kọ̀ǹdọ́tọ̀ ń ké títí dòní.

Ní ti Volks, ilé ńlá ni, kì í ṣe ilé ìtajà. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná. Wọ́n á kó àwọn ẹ̀yà mọ́tò wá láti òkè òkun nínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ á sì tò wọ́n pọ̀ di odindi ọkọ̀. Lára àwọn 504 tó ti ibẹ̀ jáde gbé èrò Yorùbá láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1980 kò ní í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń há èrò mọ́ inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àlejò nìkan ló ta mọ́tò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, William Akinola Dawodu, ọmọ Èkó, ti ń ta mọ́tò, ó sì ń tún un ṣe, kó tó di pé ó kú ní 1930. Kí àwọn ilé gíga tó kún Marina ni ọmọ Yorùbá ti mọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ wa mọ orúkọ yìí, nítorí wọ́n máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ àwọn tí kò ríwèé kà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìhà tiwa. Ní ilẹ̀ Dàhòmì àtijọ́, àwọn ilé ìṣòwò ńlá ló mú mọ́tò wá. Wọ́n dá CFAO sílẹ̀ ní Marseille ní 1887. Wọ́n dá SCOA sílẹ̀ ní 1907. UAC ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó wà lábẹ́ Unilever, jáde ní 1929 nígbà tí ilé-iṣẹ́ méjì da òwò wọn pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń ra epo pupa àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá alájàpá, wọ́n sì ń ta aṣọ, iyọ̀, ṣúgà, karosíìnì àti abọ́ ìdáná fún wọn. Mọ́tò kò sí nínú ọkàn wọn rárá níbẹ̀rẹ̀. Orí ènìyàn ló ń ru ẹrù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbà á, lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé.

Rélùwéè tó kúrò ní Àjàṣẹ́ kọjá ní Sákétẹ́, ó sì dé Pọ̀bẹ́ kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Pọ̀bẹ́ ló parí sí. Láti ibẹ̀ sí Kétu, ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ló wà láàárín, ilẹ̀ amọ̀ tó máa ń ya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń di ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì nígbà òjò. Ẹrù tó bá fẹ́ ti òkè Kétu dé ojú irin ní láti la ilẹ̀ yìí já, lórí ènìyàn tàbí lórí kẹ̀kẹ́. Níbi tí irin parí sí ni lọ́rì ti rí iṣẹ́ ṣe. Ilé ìṣòwò tó bá ní lọ́rì ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, òun ni yóò ra èkùrọ́ kí ẹlòmíràn tó dé. Àwọn ilé ìṣòwò wá rí i pé dípò kí àwọn máa fi lọ́rì tiwọn rìn káàkiri, ó sàn kí àwọn ta lọ́rì fún àwọn ọmọ ìlú, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé ẹrù wá bá àwọn nílé. Bí oníṣòwò epo ṣe di oníṣòwò mọ́tò nìyẹn.

Ìrísí ilé náà ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Níwájú ni iyàrá tí wọ́n ń gbé mọ́tò tuntun sí kí èrò lè máa wò ó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì máa ń tóbi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi àtúnṣe wà, tí òrùlé rẹ̀ ga, tí wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn sí ilẹ̀ rẹ̀ kí mẹkáníìkì lè dúró lábẹ́ ọkọ̀. Ibi ìkópamọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ fún àwọn ẹ̀yà mọ́tò, páǹpù epo sì lè wà lójúde. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni aṣojú ilé-iṣẹ́ ń gbé, níbi tí yóò ti máa rí gbogbo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í sí nínú ilé náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe odindi lọ́rì ni òyìnbó ń tà. Ẹ́ńjìnnì ni, àti irin ìsàlẹ̀, àti táyà. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara ọkọ̀ náà, àwọn ayàwòrán wa ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti orúkọ Ọlọ́run sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà ní ìhà Nàìjíríà. Nítorí náà, bí a bá ń wá ìtàn ilé tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, kí a má dúró nínú ọgbà rẹ̀ nìkan. Kí a wo òdìkejì títì. Níbẹ̀ ni ìsọ̀ káfíńtà wà, níbẹ̀ ni ẹni tó ń di táyà wà, níbẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ ń bọ́ àwọn awakọ̀. Ilé náà jẹ́ ti àlejò, ṣùgbọ́n àdúgbò tó yí i ká jẹ́ tiwa.

A sọ ṣáájú pé àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀rí òógùn àwọn baba wa. Mọ́tò kò lè rìn láìsí ọ̀nà. Ta ló la ọ̀nà? Ìjọba Faransé fi dandan lé e pé kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ mélòó kan ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún láìgba owó. Wọ́n ń pè é ní prestation. Òfin indigénat sì fún olórí òyìnbó ní agbára láti fi ìyà jẹ ọmọ onílẹ̀ láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Wọ́n gé igi, wọ́n ru òkúta, wọ́n tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ kí lọ́rì lè kọjá. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀ láti gba àjàgà ìjọba náà, wọ́n ṣọ̀tẹ̀ láàárín 1914 sí 1916. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn sálọ sí ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa ìṣílọ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, tó jáde ní 1976. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ilé ìṣòwò ní ìwé owó: iye èkùrọ́ tí ó rà, iye lọ́rì tí ó tà, èrè tí ó jẹ. Ẹni tó la ọ̀nà tí lọ́rì náà gbà kò ní ìwé owó kankan, nítorí kò gba owó. Bí a bá wó ilé náà láìkọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe òyìnbó ló pàdánù. Ìwé tirẹ̀ wà ní Yúróòpù, nínú àpótí, níbi tí òjò kò ti lè pa á. Àwa la pàdánù, nítorí ẹ̀rí tiwa kò sí níbòmíràn àyàfi lára ògiri àti lẹ́nu àwọn àgbà.

Ààlà náà wà lára ìtàn yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì di ìlú ẹnu ààlà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà. Lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ òsì ni. Mọ́tò tí ilé ìṣòwò Faransé ń tà ní ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ní apá òsì, ti Gẹ̀ẹ́sì sì ní apá ọ̀tún. Ọmọ ìyá méjì lè máa wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, kí ọ̀kan bọ́ sí ọ̀tún, kí èkejì bọ́ sí òsì, nítorí ìwé tí àlejò méjì fọwọ́ sí. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì wá sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni awakọ̀ Kétu àti awakọ̀ Ìmẹ̀kọ ti ń gba apá kan náà.

Báwo wá ni mọ́tò tuntun ṣe kúrò nínú àwọn ilé wọ̀nyí? Ohun púpọ̀ ló fà á. Ní 1972 ni Ọ̀gágun Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974 ló kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé, ọdún kan lẹ́yìn náà ni Dàhòmì di Benin. Ìjọba gba púpọ̀ nínú òwò ńlá sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1980, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò sì jáde déédéé mọ́. Ta ni yóò ra mọ́tò tuntun nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994 dé, tí iye owó CFA wálẹ̀ sí ìdajì. Ní àná ọjọ́ náà, 50 franc CFA ni wọ́n ń fi gba franc Faransé kan; lọ́jọ́ kejì, ó di 100. Mọ́tò tí ì bá gba mílíọ̀nù méjì láti kó wọlé di ohun mílíọ̀nù mẹ́rin lóru ọjọ́ kan.

Àwọn ènìyàn yíjú sí mọ́tò àlòkù láti Yúróòpù, èyí tí a ń pè ní “venue de France”, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní tòkunbọ̀. Kútọnù di ọjà ńlá fún un, Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń bá lọ. Òwò mọ́tò kúrò nínú ilé, ó bọ́ sí gbangba: pápá tí wọ́n yí wáyà ká, mọ́tò lórí ìlà, akọ̀wé kan nínú ahéré páànù. Ṣùgbọ́n òwò tó bá gbára lé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn kì í sùn àsùnwọra. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni má gba orí ilẹ̀ kó mọ́tò wọlé mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó ti ààlà rẹ̀ pátá, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn ará Ìlárá àti Kétu mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún àpò àwọn ènìyàn.

Ohun kan ń kọ wá lóminú nípa àwọn pápá yìí. Ilé ìṣòwò àtijọ́ fi ògiri sílẹ̀, ó fi orúkọ sílẹ̀. Pápá mọ́tò kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá kó mọ́tò kúrò níbẹ̀ lónìí, koríko á bo ibẹ̀ kí òjò méjì tó rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ya àwòrán rẹ̀ báyìí, nígbà tí kò tíì di ìtàn.

Kí ni ènìyàn lè fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ní Bruxelles, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, ilé-iṣẹ́ Citroën kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan láàárín 1933 sí 1934 láti máa ta mọ́tò kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Gíláàsì gíga ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀. Ní 2015, ìjọba agbègbè Bruxelles rà á, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Kanal. Ní 2018, wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún èrò bó ṣe wà, kí iṣẹ́ àtúnkọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkó kò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Mandilas. Ọjà ló gba ibẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ilé tí ènìyàn ń ṣòwò nínú rẹ̀ kò tíì kú. Èyí tó burú ni kí wọ́n wó ilé láìsí ẹni tó bèèrè orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tọpa ìtàn ilé kan ní ìlú yín, ọ̀nà mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní ni ilé náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìbú ilẹ̀kùn. Ẹ wá kòtò mẹkáníìkì, bí wọ́n tilẹ̀ ti dí i. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí, nítorí àwọn lẹ́tà àtijọ́ máa ń farahàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Bó bá jẹ́ amọ̀ sísun pupa ni wọ́n fi bo òrùlé, ẹ yí ọ̀kan nínú èyí tó já bọ́ padà: àwọn tí wọ́n ṣe ní Marseille máa ń ní orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n lẹ́yìn, pẹ̀lú àmì bíi ti kòkòrò oyin. Ẹ má ṣe fà á tu o. Èyí tó ti já bọ́ ni a wí.

Èkejì ni ìwé. Ilé ìkówèésí àgbà ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tí Faransé ń pè ní Archives nationales, wà ní Àjàṣẹ́ láti 1914. Ìwé ìròyìn ìjọba, Journal officiel du Dahomey, máa ń gbé ìkéde ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò fẹ́ fi orúkọ wọn sí. Ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ilẹ̀, bíi La Voix du Dahomey tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927, ń fi bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé nígbà náà hàn. Ní Aix-en-Provence ni Faransé kó ìwé àwọn ilẹ̀ tó jọba lé lórí pamọ́ sí, ó sì ṣeé ṣe láti wo àwòrán púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Edmond Fortier, ayàwòrán tó ń gbé ní Dakar, ya àwòrán ìlú wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì tẹ̀ wọ́n sórí káàdì. Nínú àwọn káàdì wọ̀nyí, ènìyàn lè rí títì tí kò sí mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu àwọn àgbà, òun ló sì yẹ kó ṣáájú, nítorí ìwé lè dúró dè wá, àgbà kò lè dúró. Ẹ má lọ bá wọn pẹ̀lú ìbéèrè bíi “Kí ni ìtàn ilé yìí?” Ẹ bèèrè ohun tí ọwọ́ wọn kàn. Ẹ kí bàbá tó ti wa lọ́rì rí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí ẹ wá bi í pé: “Bàbá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ ọkọ̀? Níbo lẹ ti ń ra ẹ̀yà mọ́tò? Èló lẹ san kí ọkọ̀ tó di tiyín?” Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé náà irú oúnjẹ tí àwọn awakọ̀ ń rà àti irú ọjọ́ tí èrò ń pọ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta wéra, kí ẹ sì fi wéra pẹ̀lú ìwé. Àgbà lè gbé ọdún kan sínú èkejì. Ìwé pàápàá kì í sọ gbogbo òtítọ́: kì í dárúkọ ọmọ iṣẹ́, kì í dárúkọ ẹni tó gbẹ́ kòtò.

Ó kù kí a dáhùn ọ̀rọ̀ kan tí a mọ̀ pé yóò wá. Ọ̀pọ̀ àgbà yóò ní, “A ní Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi tí àwọn baba ńlá wa fi ọgbọ́n kọ́. Kí la fẹ́ fi ilé àlejò ṣe?” Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, a kò sì ní í fi Àkàbà Ìdènà wé ilé ìṣòwò láéláé. Àkàbà Ìdènà ń sọ bí a ṣe dáàbò bo ara wa. Ilé ìṣòwò ń sọ bí a ṣe ṣe nígbà tí odi kò lè dáàbò bò wá mọ́: bí a ṣe ṣiṣẹ́ láìgbowó, bí a ṣe kọ́ iṣẹ́ tuntun, bí a ṣe fi pákó tiwa kan ara sí ẹ́ńjìnnì àlejò, tí a sì sọ mọ́tò rẹ̀ ní Ìjàpá. Ọmọ tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan yóò mọ ògo. Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì yóò mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní Kétu, Pọ̀bẹ́, Sákétẹ́ àti Ìlárá yan ilé kan, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n gba ohùn àgbà mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa, ní Yorùbá tàbí ní Faransé. A ó tẹ èyí tó bá kún jùlọ jáde ní èdè méjèèjì. Bí wọ́n bá sì wó ilé náà lọ́la, kọ̀ǹdọ́tọ̀ yóò ṣì máa ké orúkọ rẹ̀, ẹnìkan nínú ọkọ̀ yóò sì mọ ìdí rẹ̀.